Òrùlé Tí Ń Jò àti Ọ̀dà Tí A Fi Ń Dí I ní Ìgbògbò

Jíjò òrùlé ni pé kí omi òjò rí ojú ìṣó, ojú ìpàdé páànù tàbí ibi tí irin ti dógùn-ún gbà wọ inú àjà. Ọ̀dà ìdíjò sì ni ohun kíki, ìbáà dúdú ìbáà funfun, tí a ń fi bùrọ́ọ̀ṣì kùn lé irú ojú bẹ́ẹ̀, tí yóò gbẹ, tí yóò sì di awọ tí omi kò lè là kọjá. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ní Ìgbògbò, ìlú Ọba Adébọ̀rúwà, tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti etí Ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ sí láti ìhà Báyẹ̀kú, tí òjò ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta, tí ó ń dà wọ̀ràwọ̀rà ní oṣù Kẹfà, tí ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, tí ó sì tún ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án, tí àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún sì ń ju 1,500 mílímítà lọ, kò sí onílé tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní kàn lọ́jọ́ kan. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́; ẹni eji rí leji ń pa.

Láyé àtijọ́, ewé àti koríko ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni, èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko wá láti fi bo ààfin; ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ igbó, níbi tí bẹẹrẹ ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògí ni wọ́n ń lò, àwọn ará etí omi a sì máa fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe tiwọn. Òrùlé ewé a máa jò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò gba ọ̀dà: ewé tuntun ni a ó kì bọ abẹ́ èyí tí ó ti jẹrà, ọ̀rọ̀ sì parí. Iná ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé bí ilé kò bá kan ilé, kì í jó àjóràn.

Páànù ló yí ìwà òrùlé padà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Robinson Palmer, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń bá ilé iṣẹ́ èbúté London ṣiṣẹ́, ló gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1829 lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní òkè àti kòtò kí ó lè gbé ara rẹ̀ ró láìsí igi púpọ̀ lábẹ́. Ní ọdún 1837 ni Stanislas Sorel, ará Faransé, sì gba tirẹ̀ lórí bí a ti ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́ kí ó má baà tètè dógùn-ún. Irú páànù báyìí ló bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó, tí ó sì ti Èkó gba orí omi àti ojú ọ̀nà wọ Ìkòròdú, Ìgbògbò, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, títí ilé páànù fi di àmì ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó ẹnu. Síǹkì yìí ni ó ń fi ara rẹ̀ jìn kí irin má baà kú. Nígbà tí ó bá jẹ tán, tí irin sì wà ní ìhòòhò fún omi àti afẹ́fẹ́, Ògún lakáayé a wá gba ohun tirẹ̀: páànù a pọ́n, a lu, a di ajere. Ẹni tí ó bá gun òkè Mápó ní Ìbàdàn, tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí òrùlé pípọ́n lọ súà. Ní Ìgbògbò àti Báyẹ̀kú, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí omi ń mú kí ọjọ́ tí páànù yóò di ajere yá.

Lóde òní, páànù alumíníọ̀mù gígùn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lọ́ńgísípáànù, ni ó gbòde. Kì í dógùn-ún bí ti irin, ṣùgbọ́n oòrùn a máa nà án, òtútù a sì máa sún un kì. Èyí tí ó gùn ní mítà 6, bí ooru ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì yàtọ̀ ní ọ̀sán sí òru, a fi nǹkan bí mílímítà 5 sí 6 gùn sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí irin ń ṣe. Ìṣó tí a kàn mọ́ igi kò bá a lọ. Lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún, páànù ń fà, ìṣó ń kọ̀, ihò ń fẹ̀, rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ń gbẹ, ó ń là, títí òjò yóò fi rí àyè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi a tún máa gba ojú ìpàdé tí a kò jẹ́ kí páànù gorí ara wọn tó (ní ìpẹ̀kun, ó yẹ kí ó tó mílímítà 150), tàbí ojú ìṣó tí ọmọṣẹ́ kàn sí kòtò páànù, níbi tí gbogbo omi ń ṣàn gbà, dípò òkè rẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tútù rẹ́ alumíníọ̀mù mọ́ ògiri, nítorí oró sìmẹ́ńtì a máa jẹ ẹ́. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni gọ́tà kọnkéré tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn páráfẹ́ẹ̀tì, ọ̀ṣọ́ tí ń mú ilé wuyì lójú títì, tí ó sì ń kó ewé jọ, tí omi ń dá sí, tí ó ń sán wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó pé kí a kọ́ odò sórí ilé, bóyá inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti rò ó.

Ohun tí ó ṣòro jù nínú dídí òrùlé kì í ṣe kíkùn ọ̀dà bí kò ṣe wíwá ojú ihò, nítorí ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ nínú yàrá kọ́ ni ibi tí òrùlé ti ń jò. Omi tí ó bá gba ojú ìṣó wọlé a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ páànù, a rìn lórí igi àjà, a tọ igi náà títí yóò fi bá ìdènà kan pàdé, ibẹ̀ ni yóò ti já bọ́, ó sì lè jìnnà sí orísun rẹ̀ ju ìbú yàrá kan lọ. Èyí ni ó fà á tí ìyá onílé fi ń gbé abọ́ sí abẹ́ ẹ̀kán omi, tí káfíńtà ń gun orí ilé, tí ó ń da ọ̀dà sí ọ̀gangan orí abọ́ náà, tí ó ń gba owó rẹ̀ lọ, tí òjò kejì sì ń bá abọ́ níbi tí ó wà. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ wọ inú àjà ní ọ̀sán gangan, a pa iná, a dúró kí òkùnkùn mọ́ ojú rẹ̀ lára, yóò sì rí ìmọ́lẹ̀ tí ń yọ lójú ihò. Bí kò bá rí i, a wo ara igi, nítorí ọ̀nà tí omi ń tọ̀ a máa dúdú. Ìhà òkè ni a ó sì tọ̀ ọ́ lọ, nítorí omi kì í gun òkè. Bí èyí pẹ̀lú kò bá yanjú rẹ̀, ẹnì kan a wà nínú àjà, ẹnì kejì a máa fi rọ́bà da omi sórí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe kúrò ní ojú kan títí ẹni inú àjà yóò fi dá a lóhùn. Ibi tí a bá rí, ẹfun ni a fi ń sàmì sí i.

Nínú àwọn ọ̀dà, dúdú, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bítúmẹ̀ẹ̀nì, ni ọjọ́ rẹ̀ pẹ́ jù. Kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa: láti apá Ìjẹ̀bú Òde títí dé ilẹ̀ Òndó àti Ẹdó ni ilẹ̀ ọ̀dà nà lọ, ní nǹkan bí 120 kìlómítà, ní Àgbàbu ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ó sì ń sun jáde fúnra rẹ̀. Láàárín 1908 sí 1914 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ń gbẹ́lẹ̀ ní agbègbè náà, kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Síbẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo rọ̀bì tí a ti fọ̀ ni èyí tí a ń rà nínú agolo lónìí. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ pákó ní etí Ọ̀sà mọ ìwà ọ̀dà dúdú tipẹ́: wọ́n a kọ́kọ́ ki ohun rírọ̀ bọ ojú ìpàdé pákó kí ọ̀dà tó gùn ún, nítorí ọ̀dà nìkan kò lè dí àlàfo. Ìdí kan náà ni a fi ń tẹ́ aṣọ àsopọ̀ wẹ́wẹ́ sí àárín ọ̀dà orí páànù.

Oríṣi méjì ni ọ̀dà dúdú. Èyí tí a fi omi pò a máa rí bí àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí ó bá tútù, a sì dúdú bí ó bá gbẹ. Bí òjò bá bá a kí ó tó gbẹ, yóò ṣàn lọ pẹ̀lú owó olówó. Èyí tí a fi epo pò lè fara da ìrì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná. Méjèèjì ń fa oòrùn sára, wọ́n a sì gbẹ, wọ́n a sán, àyàfi bí a bá fi ọ̀dà fàdákà bò wọ́n lórí. Ọ̀dà funfun onírọ́bà, ọmọ ìgbà tuntun, a máa ta oòrùn nù, a sì máa nà bí páànù bá nà. Ibi tí omi ń dá sí nìkan ni kò yẹ ẹ́. Ní ti sílíkóònù, ó lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kùn ún lónìí ti fẹ́ ẹ níyàwó nìyẹn, nítorí kò sí ọ̀dà mìíràn tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ọ̀la.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ni ó dára jù fún kíkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀ onílé ń rántí òrùlé. Ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ a máa ran ẹni tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́. A ó fi bùrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà àti ọ̀dà àtijọ́ kúrò, a ó fọ ekuru ọyẹ́ nù, a ó sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí ọ̀dà tí a kùn lé ekuru, ekuru ni ó lẹ̀ mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìṣó tí ó ti mì, yíyọ ni kí a yọ ọ́, kí a fi èyí tí ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Irin tí ó pọ́n a kọ́kọ́ gba ọ̀dà pupa tí ń dá ìpáàrà dúró. Lẹ́yìn èyí ni a ó kun ọ̀dà àkọ́kọ́ kọjá ojú ihò ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan yíká, a ó tẹ́ aṣọ àsopọ̀ lé e ní tútù, a ó fi bùrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ lábẹ́. Bí ó bá gbẹ, a ó kun èkejì ní ìdábùú èyí àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan kíki lọ. Kí a má sì ṣe fi ọ̀dà dí etí ìsàlẹ̀ páànù pátápátá, nítorí omi tí ó bá yọ́ wọ àárín páànù méjì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Ẹni tí yóò gun òrùlé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà ìṣó, níbi tí igi wà lábẹ́, kí ó sì yàgò fún wáyà iná tí ó wọlé láti orí òpó. Bí òjò bá ṣú, kí ó sọ̀kalẹ̀. Ní ti òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí ó ṣì wà lórí àwọn ilé àtijọ́, kò gba ènìyàn lórí, kò sì gba híha: eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, ojú ìṣó àti ihò wẹ́wẹ́ sì ni ọ̀dà wà fún. Igi àjà tí ó ti rà, páànù tí ó ti lu káàkiri, tàbí gọ́tà kọnkéré tí ó sán délẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà ni wọ́n. Ọ̀dà tí a bá ń dà sí wọn lọ́dọọdún lè gba owó ju páànù tuntun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn tí ń gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n pọ̀ ní Ìgbògbò, mọ̀ pé omi tí ó gba orí ọ̀dà dúdú kọjá kò yẹ fún mímu. Kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù wọn sí ìhà tí a kò kùn, tàbí kí wọ́n máa fi ti ìhà tí a kùn fọ aṣọ.