Ta ni ì bá na ta? Iyàn lórí àwọn akànṣẹ́ ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Iyàn yìí ni kí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ayé àtijọ́ kan àti ti òde òní kan, kí wọ́n fi ojú inú jù wọ́n sínú ríìngì, kí wọ́n sì máa jiyàn nípa ẹni tí ì bá borí. Ní Nàìjíríà, orúkọ mẹ́rin ni kì í wọ́n nínú rẹ̀: Hogan Bassey, Dick Tiger, Samuel Peter àti Anthony Joshua.

Àwọn akànṣẹ́ náà

Bassey, ọmọ Calabar, ló kọ́kọ́ gba bẹ́líìtì àgbáyé fún Nàìjíríà, nígbà tó na Cherif Hamia ní Paris ní 1957. Tiger, ọmọ Amaigbo, gba ti Gene Fullmer ní 1962. Ní oṣù Kẹjọ 1963, Tiger àti Fullmer kojú ara wọn lẹ́ẹ̀kẹta ní pápá Liberty, Ìbàdàn, tó ń jẹ́ pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ìyà tí Fullmer jẹ pọ̀ débi pé kò jáde fún ráùǹdù kẹjọ. Peter gba bẹ́líìtì àjọ WBC ní 2008. Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, tó sì lọ sí iléèwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ fúngbà díẹ̀, gba tirẹ̀ ní 2016.

Ìwọ̀n ara àti òfin

Ìwọ̀n ara ló máa ń ba iyàn yìí jẹ́. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 57 ni òpin ìwọ̀n Bassey. Joshua wọn tó 113 nígbà tó bá Wladimir Klitschko jà. Tiger fúnra rẹ̀ gòkè lọ sí ìwọ̀n tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó sì na José Torres ní 1966. Ṣùgbọ́n ní 1968, Bob Foster tó ga jù ú lọ dáadáa nà án ṣubú ní ráùǹdù kẹrin. Ní etí omi Ìlàjẹ, ta ni yóò ní kí atukọ̀ alájẹ̀ bá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì díje láti Igbókòdá dé Ayétòrò, kó tó sọ ẹni tó mọ omi jù?

Òfin náà yí padà. Ráùǹdù 15 ni Bassey àti Tiger ń jà fún bẹ́líìtì. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim kú nítorí ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini ní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí 12.

Alátakò kan náà

Iyàn Peter àti Joshua ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, nítorí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì bá Klitschko jà. Ní 2005, Peter nà án ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ Klitschko fi máàkì borí. Ní 2017, Klitschko na Joshua ṣubú ní ráùǹdù kẹfà. Joshua dìde, ó sì parí ìjà náà ní ráùǹdù kọkànlá. Àmọ́ ọmọ ọdún 29 ni Klitschko tí Peter bá pàdé. Ti Joshua ti pé 41.

Ìdájọ́ kọ̀ǹpútà

Wọ́n ti gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà yanjú irú iyàn yìí rí. Ní 1969, àwọn akànṣẹ́ méjì, Muhammad Ali àti Rocky Marciano, ya fíìmù ìjà kan tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣètò rẹ̀. Marciano kú kí fíìmù náà tó jáde ní 1970. Ní Amẹ́ríkà, Marciano ló borí. Nínú èyí tí wọ́n fi hàn ní Yúróòpù, Ali ni. Fíìmù kan, ìdájọ́ méjì.

Òṣùwọ̀n tó dúró ni ohun tí akànṣẹ́ ṣe láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, Dick Tiger nìkan ló gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìwọ̀n méjì. Òun ló ta yọ jù.