Ọ̀rọ̀-ìṣe Ni Í Yan Irin: Díẹ̀ Nínú Ìtàn Àdá

Ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi kan ni ó mú mi padà sídìí ìwé kíkọ lónìí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń múra láti lọ pàgọ́ ní agbègbè òkè Ìdànrè fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ọ̀bẹ ńlá wo ni kí n rà?" Ó fi àwòrán mẹ́ta hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Gbogbo wọn dúdú, wọ́n ní eyín bí ayùn lẹ́yìn, wọ́n sì wọ́n bí ojú. Èmi náà bi í pé, "Kí ni o fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Gbogbo nǹkan, sà."

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà díẹ̀, nítorí èdè wa kò fara mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: a ń ṣán igbó, a ń la igi ìdáná, a ń bẹ́ ẹ̀ka, a ń gbẹ́ odó, a ń bẹ iṣu, a ń rẹ́ ẹ̀fọ́, a ń dú ewúrẹ́, a sì ń kun ẹran rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ "la" igbó ọ̀gbìn òun kí àgbàdo lè rí àyè, ẹ mọ̀ pé kò dàgbà lẹ́bàá oko. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń sọ bí apá ṣe ń lọ, bí irin ṣe ń wọlé, àti bí ohun tí à ń gé ṣe ń yà kúrò lára ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí òun ń lọ ṣe ti mọ ìdajì irin tí yóò rà. Ṣíṣán fẹ́ irin gígùn tí ó fúyẹ́, nítorí eré orí irin ni ó ń gé koríko, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Lílà fẹ́ irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí yóò tẹ igi sí ọ̀tún àti òsì bí ó ti ń wọlé. Gbígbẹ́ ń fẹ́ irin kúkúrú tí ọwọ́ lè sún mọ́ ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdá fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò. Àwọn kan fẹ́ fà á yọ láti inú dá tí ó wà nínú dáko. Èmi kò fọwọ́ sí i kíákíá, nítorí àwọn Haúsá ń pe irin oko yìí kan náà ní adda, ní Bìní sì rèé, ada ni orúkọ idà oyè tí wọ́n ń gbé níwájú Ọba. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ ara báyìí ní ìlú mẹ́ta kò yẹ kí a fi ìtumọ̀ abẹ́lé kan ṣoṣo sé mọ́lé. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ohun tí ó jẹ́ irin oko lọ́dọ̀ tiwa jẹ́ irin oyè lọ́dọ̀ aládùúgbò wa.

Kí òyìnbó tó máa kó irin wọlé fún wa, inú ilẹ̀ wa gan-an ni a ti ń wà á. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó sọ nínú rẹ̀ pé iléru ni orúkọ ààrò tí wọ́n fi ń yọ́ irin, pé èédú igi líle àti èèpo ẹkùrọ́ ni wọ́n fi ń dáná rẹ̀, àti pé iná náà kì í kú yípo ọdún. Ó fa orúkọ Ìlọrin yọ láti inú "ìlọ irin". Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ kíyè sí i pé lọ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn rẹ̀ á di ti àárín, bí a ṣe ń sọ pé a lọ ata. Ní ti ohùn, àlàyé Johnson dúró dáadáa. Ohun tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ìdí tí kò fi jẹ́ "ìpọ́n irin", nígbà tí ó jẹ́ pé pípọ́n ni à ń pọ́n àdá. Èrò tèmi ni pé pípọ́n ń dá ojú padà fún irin tí ó ti ní ojú rí, lílọ̀ sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó fún un ní ojú.

Johnson náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ọ̀pá irin tí ó ń ti Yúróòpù wá ti pọ́ọ́kú ju ti ilé lọ, àwọn iléru sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó sì di ìrọ̀rùn láti kó irin àjèjì wọ àárín ilẹ̀. Síbẹ̀ ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó, tẹ ìròyìn kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola Igbi. Irin yíyọ́ ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ń gún òkúta irin, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń dà á pọ̀ mọ́ ìdàrọ́ ti àná nínú iléru. Onímọ̀ irin kan tí ń jẹ́ Harbord bá Bellamy yẹ irin náà wò. Ní 1977 ni Ibùdó Ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé Adéníji lórí irin wíwà àti sísun jáde, tí Robert Armstrong sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ irin tí kò sí nínú àwọn ìwé atúmọ̀-èdè wa pọ̀ níbẹ̀.

Kíkú iléru kò pa ilé arọ. Alágbẹ̀dẹ ṣì ń fẹ́ ẹwìrì, ó ṣì ń fi ọmọ owú lu irin, àmọ́ irin ẹlòmíràn ni ó ń lù. Oníbàárà ṣì ń lọ bá a, ìbéèrè tí ó sì ń gbà níbẹ̀ ni èyí tí mo bi ọmọ yẹn. Oko rẹ ńkọ́, ṣé ọ̀dàn ni tàbí igbó? Ṣé koríko ni tàbí igi? Ọwọ́ wo lo fi ń ṣiṣẹ́? Alágbẹ̀dẹ á na ìdí irin náà kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, á kì í bọ iná títí yóò fi pọ́n, á sì tì í bọ inú èkù igi, kí irin náà fúnra rẹ̀ jó ihò tí yóò máa gbé. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà. Bí igi bá gbẹ, ihò á là, àdá á sì yọ kúrò nínú èkù nígbà tí ọwọ́ bá wà lókè. Ẹni tí ó bá ti rí i rí kò ní fi ṣeré.

Àdá tí ó wá láti Birmingham yanjú ìṣòro yẹn. Ralph Martindale, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1874, ni ó ń tẹ àwòrán ọ̀nì sára àdá tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan náà ni láti orí dé ìdí, wọ́n á fi èkù há a láàárín, wọ́n á sì fi ìṣó kàn án pa. N kò ní bá wọn jiyàn: ó dára ju ti ilé lọ ní ibi yẹn. Ẹ má sì rò pé irú kan ṣoṣo ni àwọn òyìnbó ń ṣe. Oríṣiríṣi àwòṣe ni wọ́n ní fún oríṣiríṣi ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Collins ti Connecticut ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1826 tí ó sì kógbá sílé ní 1966, ṣe ń rọ àdá ránṣẹ́ sí Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí a ti ń bi ìbéèrè. Ẹni tí ó ń tà á ní ìlú òkèèrè ni ó ń dá a lóhùn fún àgbẹ̀, kí àgbẹ̀ tó dé ọjà.

Ní Kúbà, irú irin yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú bá ní oko ìrèké. Òun náà ni àwọn ajìjàgbara fi kọlu àwọn ọmọ ogun Sípéènì nígbà tí ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní 1868. Títí di òní, àdá ni Ògún ń mú lọ́wọ́ níbẹ̀, obé sì ni àwọn olórìṣà Kúbà àti ti Bùràsíìlì ń pe ọ̀bẹ.

Kí á padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi sípírìn pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ tí ó ti gbó rọ àdá. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín èyí, wọ́n ní irin àkìtàn ni. Ẹ wá gbọ́: 5160, ọ̀kan lára àwọn irin tí wọ́n fi ń ṣe sípírìn ọkọ̀, ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ Amẹ́ríkà ń yàn fún ọ̀bẹ ńlá ìpàgọ́. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.6 nínú 100, pẹ̀lú kírómíọ̀mù díẹ̀. Sípírìn ọkọ̀ náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ Nepal fi ń rọ khukuri wọn. Irin tí a ṣe kí ó máa tẹ̀ kí ó sì máa padà lábẹ́ ẹrù ọkọ̀ kò ní tètè dá lójú igi. Kìkì pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ mọ iná. Irin tí a rì bọ omi tí a kò sì dá padà síná díẹ̀ yóò le bí àwo, yóò sì fọ́ bí àwo.

Mo wá bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ronú, ó ní wọn yóò ṣán ojú ọ̀nà, wọn yóò la igi ìdáná kéékèèké, wọn yóò sì bẹ iṣu. Mo ní irin méjì ni ìyẹn: àdá kan tí kò gùn jù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn díẹ̀ ju ti àdá koríko lọ, àti ọ̀bẹ kékeré kan tí ojú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ní kí ó fi ìka ta àdá náà kí ó tó sanwó, kí ó gbọ́ bóyá ó ń dún gooro tàbí ó ń dún bí ìkòkò tó là. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó wò ó bóyá yóò padà sípò, kí ó wo ìdí èkù bóyá irin náà hàn dé ibẹ̀, kí ó sì ra àkọ̀ fún un, nítorí orí òkúta Ìdànrè kì í ṣe ibi tí à ń gbé àdá sí èjìká rìn. Ó béèrè nípa eyín ayùn ẹ̀yìn ọ̀bẹ inú àwòrán yẹn. Mo ní kí ó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ fún mi. Kò rí i sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni wọ́n lọ, wọ́n sì ti dé. Ó ní àdá náà nílò pípọ́n.