Igi Kékeré Tó Di Ọ̀rọ̀ Mú

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, “quoin”. Bí wọ́n ṣe ń pe “coin”, ìyẹn owó onírin, ni wọ́n ń pe òun náà, torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Látinú “cuneus” ti èdè Látìn ni wọ́n ti wá: ohun tí a fi ń há nǹkan kó má baà yẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń tẹ àmì sára owó ló kọ́kọ́ ń jẹ́ “coin”, kí orúkọ náà tó ràn mọ́ owó fúnra rẹ̀. “Quoin” ní tiẹ̀ di òkúta igun ilé, ó sì di igi pẹlẹbẹ tí àwọn òǹtẹ̀wé ń lò.

Èyí ló kàn wá. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan sínú férémù irin. Wọ́n á wá fi òòlù gbá “quoin” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó há gírígírí. Bí kò bá há, ẹ kàn gbé férémù yẹn sókè, gbogbo ọ̀rọ̀ á dà sílẹ̀ wàràwàrà!

Owó ẹyọ làwọn ará Abẹ́òkúta ń ná nígbà yẹn. Kí “coin” tó gbilẹ̀ lápò wọn, “quoin” ti ń di ọ̀rọ̀ Yorùbá mú.

Lọ́dún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, ìwé ìròhìn náà sì kú. Orúkọ Townsend là ń kà nínú ìtàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ níṣẹ́ ìtẹ̀wé ńkọ́? Bíi “quoin” ni wọ́n rí: wọn ò hàn lójú ìwé, àmọ́ láìsí wọn, kò sí ìwé.