Akóbò

Akóbò jẹ́ àdúgbò kan ní apá àríwá-ìlà-oòrùn ìlú Ìbàdàn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà. Lágelú jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó yí ìgboro Ìbàdàn ká, Ìyànà Ọ̀fà sì ni olú ìlú rẹ̀. Orúkọ Lágelú, ẹni tí ìtàn sọ pé ó tẹ Ìbàdàn dó, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Iye ènìyàn: Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 147,957 ni wọ́n kà ní Lágelú, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 338 níbùú lóròó. Èyí túmọ̀ sí nǹkan bí ènìyàn 438 lórí kìlómítà kan níbùú lóròó. Bí Ìbàdàn ṣe ń gbòòrò ni ilé gbígbé ń pọ̀ sí i ní Akóbò.

Ìrìnnà: Ọ̀nà tó gba Ìdí-Apẹ́ àti Baṣọ̀run kọjá ló so Akóbò pọ̀ mọ́ ìgboro. Ibùdókọ̀ tí wọ́n mọ̀ jù níbẹ̀ ni General Gas àti Ojúrin. Takisí Micra, kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọ̀kadà ni àwọn ará àdúgbò sábà máa ń wọ̀. Kò sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Akóbò. Ti Mọ́níyà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Alákíá ni pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn wà.