Èdè Abínibí, Ìdánwò WAEC àti Ìwádìí Ifẹ̀: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Rí Kọ́ Nínú Fífi Òǹkà Wéra

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Ìlànà náà ló ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí yóò fi parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa lò láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí mínísítà sọ ni pé àwọn ẹkùn tó ń lo èdè abínibí jù lọ ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ó ní ẹ̀rí wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dá a lóhùn gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà àṣà àti ìṣẹ̀dálẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú àṣà, akẹ́kọ̀ọ́ girama sì lè béèrè rẹ̀ bí a bá kọ́ ọ. Ẹni tó ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 6 ní girama. Bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, tí kò sì fo ìkankan, ọdún 2013 ló wọ kíláàsì kìíní, ó sì jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1977 ti ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹkùn ni ìyẹn kàn lórí ìwé. Iye kíláàsì tó tẹ̀lé e ní tòótọ́ nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó fi èsì ìdánwò ẹkùn kan wé ti òmíràn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò òǹkà o. Ọmọ girama mọ bí a ti ń wá ìpíndọ́gba, ó mọ bí a ti ń wá èyí tó wà láàárín àti èyí tó wọ́pọ̀ jù, ó sì lè ya àwòrán onígi àti àwòrán roboto. Máàkì wà fún gbogbo ìyẹn. Ohun tí kì í sábàá ní máàkì ni kí a gbé ohun méjì tó ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì bi ọmọ léèrè bóyá èkíní ló fa èkejì. Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn olùkọ́ ìṣirò òǹkà fẹ́ràn. Bí a bá wọn bàtà gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí a sì kọ máàkì ìwé kíkà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tí bàtà wọn tóbi ni yóò máa ka ìwé dáadáa jù. Kò sí òbí tí yóò tìtorí èyí ra bàtà ńlá fún ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ orí ló wà lẹ́yìn méjèèjì.

Ipò òbí máa ń ṣe bí ọjọ́ orí yìí nínú ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, òbí tó lówó a máa mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́léósinmi. Òbí kan náà ló ń san owó lẹ́sìnnì, tó ń ra ìwé, tó ń tan iná kí ọmọ lè kàwé lálẹ́. Nígbà tí ọmọ yẹn bá yege, èwo nínú wọn ni a fẹ́ gbé oríyìn fún? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ó mà ṣe o pé orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ti ṣe irú ìfiwéra tó yẹ rí, ní ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Wọn kò fi ẹkùn kan wé ẹkùn mìíràn tí ọ̀nà rẹ̀, ọrọ̀ rẹ̀ àti ààbò rẹ̀ yàtọ̀. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà; olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀lé àṣà tó wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó lè rìn. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ẹ̀kọ́ àwùjọ ní èdè Yorùbá, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí olùkọ́ kò tí ì máa fi Yorùbá pè, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Láti 1973 ni wọ́n ti mú un dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí èsì jáde, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ta ẹgbẹ́ kejì yọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́, wọn kò rẹ̀yìn.

Olùkọ́ tó bá gbé èsì yìí síwájú kíláàsì Yorùbá kò gbọdọ̀ dúró níbi ìpàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tí a bi mínísítà ni kí ọmọ bi Fáfúnwá náà. Ṣé èdè nìkan ló yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì? Ìwé tuntun ńkọ́? Olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ ohun tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́ yẹn dá kún un? Àwọn onímọ̀ ti yẹ irú ìbéèrè wọ̀nyí wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì wà lára àwọn tó kọ̀wé lórí ìwádìí náà. Bákan náà, agbègbè tí Yorùbá ti jẹ́ èdè gbogbo ilé ni Ifẹ̀. Kíláàsì ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Àjẹgúnlẹ̀, níbi tí ọmọ ogún lè máa sọ èdè mẹ́jọ, kì í ṣe irú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwádìí Ifẹ̀ àti ìkéde Àbújá ni pé ìwé wà tí a lè fi bi Ifẹ̀ ní ìbéèrè. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1989, a sì rí i kà nínú rẹ̀ bí wọ́n ti pín àwọn ọmọ àti ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́.

Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, yóò jókòó ṣe WAEC ní 2034. Àwọn ni èsì wọn ì bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlànà 2022 ṣe fún ọmọ. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n wọ́gi lé e.