Owó Ilé, Ewu Ilé: Onílé àti Ayálégbé ní Àárín Gbùngbùn Ìbàdàn

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìdí nìyí tí àwọn agbo ilé tí ó yí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Beyerúnkà ká fi fún mọ́ ara wọn. Ológun kan a kọ́ ilé ńlá; àwọn ìyàwó, ọmọ, ìbátan, ẹrú àti ọmọ ogun rẹ̀ a sì kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń san owó ilé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sá di ológun, oko ríro àti ogun jíjà ni ó fi ń san oore ibùsùn tí a fún un. Ilé tí a kò kọ́ nítorí owó ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ wá ń fi gba owó lónìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyọnu onílé ti ṣẹ̀.

Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní 1886, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wọ ìlú ní 1893, iṣẹ́ ológun tán. Àwọn agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ tirẹ̀ sínú ọgbà bàbá rẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Owó kòkó tẹ̀lé e, páànù sì gba ipò koríko lórí ilé. Ohun rere ni èyí, nítorí iná ọ̀gbẹlẹ̀ kò tún lè fò láti òrùlé kan sí èkejì bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri kò yí padà. Amọ̀ náà ni. Òrùlé koríko gùn wálẹ̀, ó sì bo ògiri. Ti páànù kò gùn tó bẹ́ẹ̀, òjò a sì máa na ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn onílé rò pé sìmẹ́ńtì ni oògùn rẹ̀, wọ́n fi í rẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì kì í di mọ́ amọ̀ dáadáa: ó ń sán, omi ń gba ojú sísán náà wọlé, amọ̀ a sì máa rà nínú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Ayálégbé tí ó wo irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ilé líle ni. Onílé náà kò kúkú mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tí ì bá fi tún un ṣe ńkọ́? Àwọn àlejò tí ìṣòwò àti rélùwéè kó wá kò gbé ní Beyerúnkà. Àwọn Hausa gba Sábó ní 1916. Àwọn Ìjẹ̀bú kọ́lé sí Òkè-Àdó, àwọn mìíràn sì dó sí Ẹkọtẹdó àti Mọ́kọ́lá. Apá ibẹ̀ ni owó ilé ti kọ́kọ́ di òwò gidi. Nígbà tí ayálégbé wá ń wọ inú ìlú àtijọ́, àwọn tí agbára wọn kò ká ibòmíràn ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀ràn tí ó tún le jù ni ti ogún. Bí bàbá bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ a pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tí ó bímọ ni iye ìpín. Àṣà yìí ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí wọ́n gbé láti Èkó dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962. Ó bá ìdájọ́ òdodo mu láàárín orogún, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe fún ilé: ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ń gba owó yàrá tirẹ̀, òrùlé kan ṣoṣo ni ó sì bo gbogbo wọn. Yàrá ní olówó. Òrùlé kò ní. Títà kò sì rọrùn, nítorí láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti hàn gbangba pé bí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí títà ilẹ̀ ẹbí, òfo ni. Bí ó bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè wọ́gi lé e. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 wá fi ìyọ̀ǹda gómìnà kún un. Ilé ìfowópamọ́ wo ni yóò yá ènìyàn lówó lórí ilé tí kò ní ìwé?

Nítorí pé owó yàrá kò tó nǹkan, àwọn onílé ń sọ yàrá di púpọ̀. Wọ́n sọ ilé ìdáná di yàrá, wọ́n sọ àgbàlá di yàrá. Ṣáláńgá wá súnmọ́ kànga. Àwọn wolé-wolé mọ ewu yìí, wọ́n sì ń pe onílé lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò pè nínú ilé tí ìdí-igi márùn-ún jọ ni? Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Ìbàdàn ní 1971, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu.

Ibi tí ó bá kù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní etí odò Ògùnpa àti Kúdẹtì, ni àwọn mìíràn kọ́lé sí. Wọ́n da ìdọ̀tí sínú odò pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, òjò rọ̀, Ògùnpa sì kún borí bèbè. Ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Kì í sì ṣe ìgbà ìkẹyìn, nítorí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, omíyalé mìíràn pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú yìí. Lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀, ayálégbé tí ó bá yè a kó ẹrù rẹ̀ lọ wá yàrá mìíràn. Àwọn ọmọ ìdí-igi a jókòó sí ìpàdé ẹbí, wọn a máa wá ẹni tí yóò ra páànù.