Mánífóòdù Tó Ti Dípẹtà: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó Kùn Ún Lọ́dà

Bí ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ bá fẹ́ tún un ṣe, ara ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ náwó lé. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà yóò lù ú, wọn yóò kùn ún lọ́dà, yóò sì máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, irin pupa rúsúrúsú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń dójú ti gbogbo ẹwà náà. Mánífóòdù ni irin ọ̀hún. Òun ló ń gba èéfín lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, tó ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, kó tó tì í sínú páìpù tó lọ bá sálẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ kíkùn rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni mímọ̀ bóyá ó ṣì yẹ ní kíkùn, nítorí mánífóòdù tó ti lu lè tú èéfín sínú ibi tí àwọn èrò jókòó sí, èéfín náà sì máa ń pa ènìyàn.

Ìyà tó ń jẹ irin yìí pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, èéfín tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lè gbóná ju 700°C lọ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ dúró, irin náà yóò tutù, òjò àti ìrì yóò sì bá a níbẹ̀. Omi tún wà nínú èéfín fúnra rẹ̀, torí pé oru omi wà lára ohun tí epo bẹntiróòlù máa ń dà bó bá jóná. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé láti ilé dé ọjà tó wà nítòsí nìkan kì í gbóná pẹ́ tó láti lé omi yìí jáde, inú páìpù ló máa ń sùn sí. Bí ọkọ̀ bá wá wà létí òkun, bíi ti Èkó, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò dá kún un. Ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ tún yàtọ̀: ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà sì máa ń ta sí abẹ́ ọkọ̀. Àwọn kan ti dípẹtà lábẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi wá sílé.

Oríṣi mánífóòdù méjì ló wọ́pọ̀. Ti Peugeot 504, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, irin dídà ni. Ó nípọn, ìpẹtà sì lè bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má lu. Èkejì ni ti páìpù tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ eré ìje. Tinínrín ni tiẹ̀, ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o ni ìpẹtà sì sábà ti ń jẹ ẹ́ wọlé.

Títú u ni ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi agbára gbá nọ́ọ̀tì tó ti lẹ̀ yóò ṣẹ́ bóòtì sínú ẹ́ńjìnnì, owó tí yóò ná láti yọ ọ́ lè ju owó ọ̀dà lọ. Kí ó da epo tó ń tú nọ́ọ̀tì sí i ní alẹ́, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó sì máa yí i lọ yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí gáásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàrin bá ti pẹ́, kí ó má ṣe họ ọ́ ní gbígbẹ, nítorí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń fa jẹjẹrẹ. Kí ó fi omi rin ín dáadáa kó tó fọwọ́ kàn án.

Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìyá kì í sanwó ìkòkò amọ̀ lọ́jà láìjẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ kàn án gbọ́ ohùn rẹ̀, ọgbọ́n kan náà ló wà fún irin dídà. Wọn yóò fi wáyà so ó rọ̀, wọn yóò fi òòlù kékeré kàn án: èyí tó pé yóò dún bí agogo, èyí tó ti sán kì yóò dún ju kó lọ. Bí wọ́n bá ti fọ ìpẹtà ara rẹ̀ tán, wọ́n tún lè fi kẹrosíìnì pa inú rẹ̀, kí wọ́n fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì pa ẹ̀yìn. Níbi tó bá ti là, kẹrosíìnì yóò yọ ìlà tútù sójú ẹfun. Ti páìpù tinínrín, ẹ tan iná sínú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì fi ẹnu sikuruduráfà tẹ ibi tó bá ń ṣe bí ẹni rọ̀.

Ìdí tí àyẹ̀wò yìí fi gba àkókò ni afẹ́fẹ́ olóró tí ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù mónókísáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ara kò sì ní rí ọ́síjìn lò mọ́. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè ní ibà. Èrò tó bá sùn lọ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa lè má jí mọ́. Nítorí náà, mánífóòdù páìpù tí ìpẹtà ti jẹ lu lójú púpọ̀, àlòkù irin ni. Ti irin dídà tó sán, kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ẹ̀bá títì. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá ìjórin lásán jó o láìkọ́kọ́ mú irin náà gbóná, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà ni yóò tún là bó bá tutù.

Èyí tó bá yege ni wọn yóò fọ. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yóò ro ènìyàn. Yanrìn fífẹ́ yá jù, ṣùgbọ́n eruku yanrìn máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìní àtúnṣe. Láti ọdún 1949 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka á léèwọ̀ láti máa fi yanrìn fọ irin dídà báyìí. Ásíìdì inú bátìrì tí àwọn kan ń lò kò dára, ó ń jẹ irin tó ṣì dára mọ́ ìpẹtà. Fósífọ́ríìkì ásíìdì ló sàn, bí wọ́n bá fi omi ṣàn án, tí wọ́n sì mú un gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí pé irin tó mọ́ tún lè pọ́n láàrin wákàtí díẹ̀.

Ọ̀dà ilé tàbí ọ̀dà ara ọkọ̀ yóò jó dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀ pé ó lè gba 650°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ rà. Kí wọ́n fi tínà nu irin náà, kí ọwọ́ lásán má sì kàn án mọ́, nítorí ọ̀rá ìka tó ni láti mú kí ọ̀dà ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú tó máa pàdé ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí: ọ̀dà yìí kò le bó bá gbẹ lásán, iná ló ń mú un le. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń béèrè nǹkan bí 120°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tutù, lẹ́yìn náà 200°C, kó tún tutù, kó tó kan 315°C. Kí wọ́n má ṣe lo ààrò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ẹni tí kò ní ààrò lè dè é sí ọkọ̀ ní tútù, kí ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó pa á títí yóò fi tutù, kí ó sì máa fi kún ìṣẹ́jú náà. Ẹni tó gbé e sáré lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò rí i pé ọ̀dà ti wú.

Gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n fi dè é, kí wọ́n máa mú nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, kí wọ́n tún un mú lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀tì idẹ kì í lẹ̀ bíi ti irin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tan ọkọ̀, kí wọ́n tẹ́tí: bí nǹkan bá ń dún ta-ta-ta tó sì dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, èéfín ṣì ń jò, dúdú èédú yóò sì yọ níbi tó ti ń jáde. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe gbogbo èyí, torí ọ̀dà tuntun náà yóò rú èéfín fún wákàtí bíi mélòó kan.